Ọkọ̀ Pákó Tó ń Lọ Tamale

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ má ṣe bi mí pé ọdún mélòó ló ti kọjá, torí ìbínú tèmi kì í ka ọdún. Àwọn tí mò ń bínú sí ti kú tán, wọ́n ti ṣe fídáù wọn, mo tilẹ̀ jẹ nínú sàráà wọn, mo sì ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n gbà fún wọn. Síbẹ̀, bí mo bá ti rántí àgbàlá wa ní Kumasi, níbi tí ilé wa ti fara ti ọjà Race Course, àti àárọ̀ ọjọ́ tí awakọ̀ oníṣu yẹn dúró síwájú iná àkàrà màmá mi, àyà mi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Àwọn ọmọ mi a máa sọ pé, “Màmá, ẹ mójú kúrò níbẹ̀.” Ojú mi ò kúrò níbẹ̀, kò sì ní kúrò.

Ilé wa kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán làwọn ọmọ kéwú Àfáà Sálíù ti ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà lábẹ́ igi máńgòrò. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ̀rọ nikanika tó ń lọ ata àti ẹ̀wà lójú títì á gbà á lẹ́nu wọn. Tó bá di ọ̀sán, àwọn Asante tó wà lẹ́yìn ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í gún fùfú, odó wọn á máa dún títí a ó fi jẹ tuwó tiwa tán. Èdè mẹ́ta là ń sọ nínú àgbàlá yẹn: Yorùbá la fi ń kí àgbà, Hausa la fi ń rajà, Twi sì làwa ọmọdé fi ń bú ara wa, torí Àfáà ò gbọ́ ọ dáadáa. Bàbá Alhaji, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ni ilé. Bàbá mi wà ní Ìlọrin lọ́dún náà, ó lọ kọ́lé sí ibi tí àwọn bàbá wọn ti ṣẹ̀ wá, nítorí náà ọwọ́ Bàbá Alhaji ni gbogbo wa wà: ẹni tó máa lọ ilé ìwé, ẹni tó máa jáde, ẹni tó máa jókòó. Ó ní ọkọ̀ Pijó kan tí wọ́n ń fi aṣọ bò mọ́lẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Àwọn ìyàwó ilé, bí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, orí eékún ni. Mi ò rí i rí kí màmá mi dúró lóòró bá a sọ̀rọ̀. Á kúnlẹ̀, á máa wo ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ń dá wọkọ̀ lọ Lomé lọ ra aṣọ tà ni kó tó wọlé ọkọ.

Ràmátù lorúkọ màmá mi, Tamale ni wọ́n sì bí i sí, lápá àríwá Gánà lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ń ṣòwò obì gbànja, ti kú tipẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kù níbẹ̀, òun àti Àǹtí Màímúnà, àbúrò màmá mi. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, màmá mi ń dín kóosé lẹ́nu géètì. Àkàrà náà ni, àmọ́ kóosé làwa tí wọ́n bí sí Gánà ń pè é. Èmi ni mò ń bu kókó, ìyẹn ẹ̀kọ gbígbóná, fún àwọn oníbàárà. Ọkùnrin kan tó gbé iṣu dé láti Tamale, tí eruku ọ̀nà ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, bèèrè ta ni Ràmátù. Hausa ló ń sọ, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ara ìyá rẹ ò yá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè mí wọ yàrá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o wá kíákíá, òun fẹ́ rí ojú rẹ.” Màmá mi bi í pé, “Ó ń jẹun?” Ọkùnrin náà ní, “Ó ń mu kókó.” Màmá mi fa igi yọ nínú iná, ó fi àkàrà sílẹ̀ nínú òróró, ó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn sọ́kàn.

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Bàbá Alhaji ti gba awakọ̀ náà lálejò, òun àti Àfáà Sálíù, tó jẹ́ àbúrò bàbá wọn, àti àgbà kan láti mọ́ṣáláṣí. Èmi ni mo gbé omi lọ fún wọn. Awakọ̀ náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ bó ṣe sọ ọ́ fún màmá mi gan-an, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, wọ́n wo ara wọn. Àfáà mi orí. Àgbà mọ́ṣáláṣí ní, “Lá ìláhà illà-llá.” Bàbá Alhaji fọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é.” Mo rò pé àánú aláìsàn ló ń ṣe wọ́n.

Màmá mi wọlé, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Bí Pijó bá lè gbé mi báyìí, màá rí ìyá mi kí ilẹ̀ tó ṣú.” Bàbá Alhaji ní ọkọ̀ ti ní iṣẹ́, ọmọ ọ̀rẹ́ òun ń ṣe yìgì ní Santasi lọ́la, inú rẹ̀ ni wọ́n sì máa gbé ìyàwó sí. Màmá mi ní kò burú, òun á wọ bọ́ọ̀sì. Bàbá Alhaji ní obìnrin ilé òun kì í dá rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní múhárámù, ìyẹn ọkùnrin ẹbí tó máa tẹ̀ lé e. Màmá mi ní kí wọ́n fún òun ní ẹnì kan. Bàbá Alhaji ní Àfáà Sálíù ni. Àfáà ní òun á ṣètò àwọn ọmọ kéwú òun ná. “Ràmátù,” Bàbá Alhaji wí, “sùúrù ni baba ìwà.” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń di obìnrin lẹ́nu nílé wa nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n sọ ọ́ fún ọkùnrin tí oúnjẹ rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí mo dàgbà, tí mo kéwú dé ibi tó yẹ kí n kà á dé, mo tún wá rí i pé àbúrò bàbá ọkọ kì í tilẹ̀ ṣe múhárámù obìnrin. Wọn ò tiẹ̀ ṣe é bí ìwé ti wí.

Láti ìgbà náà ni ilé yí padà. Hájíà, ìyàwó Bàbá Alhaji, tí kò bá màmá mi fọ abọ́ kan rí, gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ sinmi. Nígbà tí oúnjẹ dé, ẹran tó tóbi jù ni wọ́n fi síwájú rẹ̀. Àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bó bá sì yọjú, wọ́n á dákẹ́. Màmá mi ò ráyè wo ojú wọn, ẹrù ló ń dì: oyin inú ìgò, ọsàn, ẹja gbígbẹ, àti súwẹ́tà kan tó ra fún ìyá rẹ̀ nítorí ọyẹ́ ti ń fẹ́ lápá àríwá. Ó na súwẹ́tà náà sókè, ó ní, “Hájíà, ṣé kò ní fún un jù? Ó ti sanra díẹ̀ nígbà tí mo rí i kẹ́yìn.” Hájíà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi sì lé ròrò sí ojú rẹ̀. Mo ní, Hájíà yìí kì í ṣe èèyàn burúkú tó bí mo ṣe rò. Inú rere ni lóòótọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún màmá mi ní ilé yẹn, inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ ẹni tí mo fẹ́ bú títí di òní, tí mo fi ń bú gbogbo wọn pọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tú aṣọ lára Pijó, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ó fun fèrè láti ẹnu géètì wa títí ó fi gba ọ̀nà Santasi lọ. Màmá mi jókòó sórí ẹrù rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní Tamale, ọkọ̀ ilé rẹ̀ ń gbé ìyàwó oníyàwó. Àfáà Sálíù ní ti tirẹ̀ fọ aṣọ, ó fá orí, ó lọ dágbére fún bí ìdajì Zongo, àdúgbò àwa àlejò. Ó padà dé, ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀. Màmá mi bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, “Àfáà, ẹ dákun. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn wò ó.” Àfáà ò lè wo ojú rẹ̀. Ó ń ti tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ọ̀la, láàárọ̀. Lọ́lá Ọlọ́run.” Hájíà ló ní kí wọ́n mú èmi náà dání. Ó ní, “Kí Sẹ̀kínà tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, kó lè rẹ́ni dì mọ́.” Inú mi dùn, mo rò pé ìrìn àjò ni wọ́n fi ṣe mí lóore.

Nígbà tá a dé ibùdókọ̀ Kejetia láàárọ̀, bọ́ọ̀sì ńlá ti kún. Àwọn tó mọ̀ pé àwọn ń lọ ti gba àyè wọn sílẹ̀. Mínì-bọ́ọ̀sì kan wà tó ń pe Tamale, àmọ́ èrò inú rẹ̀ ò tíì ju ìyá ọlọ́mọ kan lọ, awakọ̀ sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Àfáà ti rí ibi tó máa jókòó sí. Màmá mi ní rárá, ká lọ Anloga Junction. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Káfíńtà kan wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ní Tamale, Anloga ló ti ń ra pákó, láti ìgbà tí màmá mi ti wà lọ́mọdé. Ó ní, “Ọkọ̀ tó bá ń gbé pákó lọ fún un, ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ló máa já a sí.” A wọ tróótró dé Anloga. Ìyẹ̀fun igi bo gbogbo ilẹ̀, ariwo ayùn ò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara rẹ̀, màmá mi sì ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi Twi bèèrè, ẹ̀wù rẹ̀ ti funfun fún ìyẹ̀fun, Àfáà ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń sin ẹnì kejì lọ.

A rí ọkọ̀ náà, lọ́rì onímú gígùn kan tí wọ́n ti di pákó sí dé òkè. Asante ni awakọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ń pè é ní Wọ̀fà, ìyẹn arákùnrin ìyá lédè wọn. Ó ní òun kì í gbé èrò. Màmá mi sọ fún un pé ìyá òun ń ṣàìsàn, ó sì ní kí òun wá. Wọ̀fà wò ó, ó wo ìgò oyin tó dì mọ́ àyà. Ó ní, “Ìyá ò ṣeé rà lọ́jà. Ẹ gòkè.” Àyè kan ṣoṣo ló wà níwájú. Ta ló jókòó síbẹ̀? Àfáà ni. Màmá mi àti èmi gun orí pákó, lábẹ́ tápólì, pẹ̀lú ọmọ ọkọ̀ kan tó fi okùn lé wa lọ́wọ́. “Maame, so mu yie,” ó wí, pé kí màmá dì í mú dáadáa. Múhárámù wà níwájú ọkọ̀, àwa tí ó wá ṣọ́ wà lórí igi. Mo tún rò ó báyìí, ẹ̀yìn ń dùn mí.

Màá sọ òótọ́, ọ̀nà yẹn dùn mọ́ mi. Igbó Asante ṣókùnkùn ní apá ọ̀tún àti òsì, òórùn pákó tútù ń wọ imú, màmá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún mi bó ṣe máa ń yan obì nídìí bàbá wọn, tó máa fi àtàǹpàkò tẹ gbànja, tó sì máa mọ èyí tó ti rà nínú láìlà á. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí a bá ti dé, òun á wẹ̀ fún un, òun á fi òróró pa á lẹ́sẹ̀, òun á gbé e jókòó sínú oòrùn. Àmọ́ gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ sáré ni Àfáà ń lu ilẹ̀kùn kí wọ́n dúró. Ó fẹ́ tọ̀. Ó fẹ́ kírun. Ní Techiman, ó rí ọmọ Ìlọrin kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ní agboolé, wọ́n bi ara wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti kú kí a tó bí bàbá mi. Màmá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí pákó, ó lọ kúnlẹ̀ sí àárín ọjà, ó ní, “Àfáà, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Wọ̀fà wò mí, ó wo Àfáà, ó mi orí. Ó ní lédè Twi, “Bàbá yìí, ṣé ìwọ lo bí i ni?”

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tá a dé Kintampo. Wọ̀fà ní kí gbogbo èèyàn tètè jẹun, Tamale lòun máa sùn. Àfáà ní ẹ̀yìn òun ò lè gbà á mọ́, òun mọ lèmọ́mù ibẹ̀, ká sùn, ká máa lọ láàárọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí màmá mi tí mi ò tíì rí rí. Ó ní, “Àfáà, ẹ sinmi síbí. Èmi àti Sẹ̀kínà ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Ọlọ́run á forí jì mí.” Ó ti fi ẹsẹ̀ kan lé táyà láti gòkè. Àfáà wò ó títí. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ búútà mi nínú àpò, kí n lè ṣe àlùwàlá.” Bóyá ó gbàgbé ohun tó wà nínú àpò náà, bóyá kò gbàgbé. Màmá mi tú àpò. Ó fa búútà yọ, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e: obì gbànja, wọ́n fi ewé dì í, ó pọ̀, pẹ̀lú ṣúgà onígun àti tùràrí.

Àgbà a máa sọ pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Màmá mi ọmọ oníṣòwò obì ni, ó mọ̀ pé ẹnì kan kì í gbé gbànja lọ wo aláìsàn. Ọsàn là ń gbé lọ. Gbànja tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwùjọ ni wọ́n ń pín in fún, kò sì sí ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ ní Tamale. Ó gbé e lọ́wọ́, ó ní, “Àfáà, ti kí nìyí?” Ó tún ní, “Àfáà.” Àfáà wá ní, “Ti fídáù ni, Ràmátù. Alhaji ló ní kí n gbé e dání. O mọ̀ pé a kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ lórí ìdúró. A fẹ́ kí o délé, kí àwọn obìnrin wà lọ́dọ̀ rẹ, kí a tó sọ ọ́. Ṣe sùúrù. Ọlọ́run ló fún wa, òun ló gbà á.” Màmá mi sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ lórí táyà. Ó jókòó sí ilẹ̀ níbẹ̀, sínú eruku, láàárín àwọn tó ń ta iṣu yíyan. Kò pariwo. Ó kàn ń pọ́n ewé náà mọ́ obì padà, ó ń tú u, ó tún ń pọ́n ọn.

Wọ̀fà jẹun tán, ó dé, ó ní, “Maame, yɛnkɔ,” ká máa lọ. Màmá mi mi orí. Ó ní, “Ẹ máa lọ. Ta ni mo tún ń sáré lọ bá?” Nígbà tó yé Wọ̀fà, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní, “Due, due,” bí àwọn Asante ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó bá wa sọ ẹrù wa kalẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá títì, mò ń wo ọkọ̀ pákó wa bó ṣe gba ọ̀nà àríwá lọ, títí mi ò fi rí tápólì rẹ̀ mọ́. A sùn ní Kintampo, bí Àfáà ṣe fẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà máa sọ. Wọ́n á ní àwọn èèyàn ti ṣubú lulẹ̀ nítorí wọ́n gbọ́ ikú lójijì. Wọ́n á ní obìnrin kan wà tí wọ́n túfọ̀ fún lẹ́nu kànga, ó sì já sínú kànga. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Torí náà, nínú ẹ̀yà tiwa, a kì í kú, ara wa kàn kì í yá ni. Bàbá kú, wọ́n á ní kó o máa bọ̀, ara bàbá ò yá. Ọmọ kú, wọ́n á ní ọmọ ń gbóná díẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára débi pé kò sẹ́ni tó tún gba àìsàn gbọ́. Ní òde òní, bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù pé ara lágbájá ò yá, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, “Ó kú ni, àbí kò kú?” Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní Gánà ti bà mí jẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin gé fóònù mọ́ mi létí lọ́jọ́ kan. Mo tún pè é padà, mo ní, “O ò tíì dá mi lóhùn. Ó ń mí, àbí kò mí?”

Ọkọ̀ akẹ́rù màlúù ló gbé wa lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán sì ti pọ́n ká tó dé Tamale. Màmá mi ti fi gèlè di orí bí aṣọ̀fọ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Àwọn èèyàn jókòó sórí ẹní níwájú ilé. Àǹtí Màímúnà sáré jáde, ó dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún. Màmá mi ní, “Má sunkún mọ́. Wọ́n ti sọ fún mi. Ìgbà wo lẹ sin ín?” Àǹtí wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ní, “Ìgbà wo kẹ̀? A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti itẹ́ dé ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ààjìn ló jáde láyé.” Mo rí i pé ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, ṣì tutù, omi ọṣẹ ṣì wà nínú kòtò kékeré kan níbẹ̀.

Àǹtí ò mọ̀ pé ohun tó ń sọ ń pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rò pé ó ń tù ú nínú ni. Ó ní Ìyá ò jìyà. Ó ní kò ṣe wàhálà, ó kàn ń bèèrè Ràmátù ni. Ó ní láti ìgbà tí awakọ̀ oníṣu ti lọ ni wọn ò ti lè jókòó sí apá ọ̀tún ẹní rẹ̀, Ìyá ní kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún Ràmátù. Ó ní gbogbo ọkọ̀ tó bá fun fèrè, Ìyá á ní, “Ẹ lọ wò ó, Ràmátù nìyẹn.” Ó wá ní, “Ní alẹ́ àná tiẹ̀ ni ọkọ̀ kan já pákó sí ilé káfíńtà ẹ̀yìn wa. Ìyá gbọ́ ọ, ó dìde jókòó fúnra rẹ̀, ó mu kókó tó kù nínú igbá, ó ní ká da aṣọ bo òun léjìká kí ẹ má bàa bá òun ní ìhòhò. Mo jáde lọ wò ó. Mo padà wá, mo ní kì í ṣe yín. Ó ní, ‘Òun ni. Tún lọ wò ó.’”

Màmá mi wọ yàrá náà, ó jókòó sí apá ọ̀tún ẹní, ó na súwẹ́tà sórí itan rẹ̀. Àfáà Sálíù ò lè wọlé, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo bi í níbẹ̀, ọmọdé ni mí, mi ò mọ̀ pé kò yẹ kí n bi àgbà. Mo ní, “Àfáà, ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?” Ó ní, “Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.” Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wọn. Nígbà tí Àǹtí fẹ́ pín gbànja fún àwọn tó wá kí wọn, màmá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Èyí kì í ṣe ti ìyá wa. Òkú mìíràn ni wọ́n rà á fún.” A lọ ra òmíràn.

Nígbà tá a padà dé Kumasi, wọ́n ń fọ Pijó lẹ́nu géètì. Odó àwọn Asante ń dún lẹ́yìn ògiri. Hájíà àti àwọn obìnrin jáde sí wa, wọ́n ń sunkún, ní báyìí tí wọ́n ti rí àyè sun ún. Bàbá Alhaji wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí awọ ìrun rẹ̀. Ó ní, “Ràmátù, o kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ ìyá. Kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí kádàrá.” Màmá mi yọ obì gbànja náà nínú ẹrù rẹ̀. Ewé rẹ̀ ti gbẹ, obì ti súnkì. Ó gbé e síwájú Bàbá Alhaji lórí awọ. Ó ní, “Ẹ gba obì yín, Bàbá. Ẹ ti sin ìyá mi kó tó kú.”

Ìdúró ló wà nígbà tó sọ ọ́. Mò ń retí kó kúnlẹ̀, Bàbá Alhaji náà ń retí rẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń retí rẹ̀. Kò kúnlẹ̀.